Ọmọ tí Wọ́n Fà Lé Gbogbo Ènìyàn Lọ́wọ́

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Òkè Ilé Ìfọṣọ,
                                        Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Karùn-ún.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ìyàwó wa ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti ń jẹ́ kí wọ́n sùn dáadáa? Àwọn ìbejì ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì ń bá ara wọn jà nítorí ẹni tó máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọkọ̀? Ẹ bá mi fa etí wọn díẹ̀, kí ẹ sì fún wọn ní bisikíìtì lẹ́yìn náà. Àwa náà ń bẹ níbí. Ọkọ Àǹtí ṣì wà lórí omi, wọ́n ń se oúnjẹ fún àwọn atukọ̀, a ò sì retí wọn títí ọdún á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Àǹtí ń lọ síbi iṣẹ́, èmi náà ń lọ síbi iṣẹ́, àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ tó wà nísàlẹ̀ ilé wa ń pariwo láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ara le, a dúpẹ́. Ọkàn ni kò balẹ̀.

Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí látòkè délẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ní kí n máa ṣe. Ẹ̀yin lẹ ní tí mo bá tún kọ lẹ́tà bí ọ̀gá báńkì sí yín, ẹ ò ní ṣí i. Ó dáa, ẹ ti rí i. Mo lè pè yín lórí fóònù, ṣùgbọ́n ògiri ilé wa fẹ́lẹ́, ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wà ní òdìkejì ògiri. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Tí ọ̀rọ̀ mi bá le jù níbì kan, ẹ forí jì mí.

Kí n tó máa rojọ́ lọ, ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Alága ọmọ Àǹtí pè yín lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, àbí? Ó ti sọ fún mi. Ó ní òun bẹ̀ yín pé kí òun wá máa gbé lọ́dọ̀ yín, kí òun parí ilé ìwé níbẹ̀, ẹ sì ní ẹ máa dá òun lóhùn kí oṣù yìí tó parí. Ó ní ẹ ò tiẹ̀ bi òun pé kí ló dé. Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn ọmọ yẹn. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ní Alága nígbà tó ṣì ń to àwọn ọmọ tó dàgbà jù ú lọ sórí ìlà nínú ọgbà yín. Ó ti pé mẹ́rìnlá báyìí, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ìyá rẹ̀. Mo mọ̀ pé "bẹ́ẹ̀ ni" á ti wà lẹ́nu yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ ka èyí tán.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ẹgbẹ́ àdúrà Ọjọ́bọ̀ tí Àǹtí ń lọ. Ìdílé mẹ́rin péré ni ẹgbẹ́ ọ̀hún: tiwa, ti Aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú títì wa, ti Nọ́ọ̀sì, àti ti Bàbá Káfíńtà tó jẹ́ olórí wa. Inú pálọ̀ la ti ń pàdé. Tó bá jẹ́ tiwa lọ́sẹ̀ yìí, á jẹ́ tẹlòmíì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Nígbà tí Àǹtí ṣe iṣẹ́ abẹ, Nọ́ọ̀sì ló ń wá pààrọ̀ báńdéèjì wọn lẹ́yìn iṣẹ́, Aránṣọ ló ń gbé oúnjẹ wá, Bàbá Káfíńtà ló ń mú Alága lọ sí ilé ìwé. Nígbà tí èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti òkè òkun tí mo ti lọ kàwé, tí mo ń gbàdúrà bí ẹni tó ń ka ìròyìn, wọn ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n kàn ń ṣe àmín sókè kí n lè mọ ibi tó yẹ kí n ti dákẹ́.

Wàyí o, àṣà kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀, ìfàlélọ́wọ́ ni wọ́n ń pè é. Tí ọ̀rọ̀ kan bá ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín òbí àti ọmọ, tí òbí ti sọ ọ́ títí tí ẹnu rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, yóò gbé ọ̀rọ̀ náà wá sínú ẹgbẹ́, yóò fà á lé òbí mìíràn lọ́wọ́. Ẹni tó gbà á ni yóò máa bá ọmọ náà sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́, tí yóò sì máa gbàdúrà lé e lórí. Ẹni tó bí ọmọ kò gbọ́dọ̀ dá sí i mọ́. Kò gbọ́dọ̀ bá ọmọ sọ ọ́, kò gbọ́dọ̀ béèrè ibi tó dé. Wọ́n ní tí o bá ń yọjú wò ó, a jẹ́ pé o ò tíì fà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nìyẹn. Wọn kì í sì í sọ fún ọmọ, kí ó má baà rò pé àwọn àgbà ń gbìmọ̀ lé òun lórí.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ó ti ṣiṣẹ́ rí. Ọmọ Nọ́ọ̀sì ń purọ́ nípa iṣẹ́ àṣetiléwá, Bàbá Káfíńtà gbà á, wọ́n ní kó máa wá bá àwọn fi sáńpépà họ pákó lẹ́yìn ilé ìwé, nígbà tó yá ọmọ náà fúnra rẹ̀ tú gbogbo àṣírí. Àǹtí náà gba ọ̀rọ̀ ọmọ Aránṣọ tí kì í fẹ́ jẹun, wọ́n ń bá a ṣeré títí ó fi ń jẹ àjẹtán. Nítorí náà, Àǹtí gba ìfàlélọ́wọ́ gbọ́ tọkàntara.

Alága ló máa ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ẹ̀kọ́ wọn ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ó ní òun ò ṣe mọ́. Tí wọ́n bá sì ní kí gbogbo wa dijú, òun á la tiẹ̀ sílẹ̀ gbàgàdà, á máa wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Aránṣọ ká a mọ́ ọn lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Alága, kí lò ń wò?" Ó ní, "Mò ń wo ẹni tó ń gbàdúrà gan-an, mà." Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá Káfíńtà ń gbàdúrà fún ìyá àgbà kan tó ń gbé nítòsí wọn, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í tì dáadáa, pé kí Olúwa ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Ó ti pẹ́ tí a ti ń gba àdúrà yẹn. Ọmọ yìí kàn sọ ọ́ sáàárín àdúrà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin ni káfíńtà ni?"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Mo ki orí bọ inú ìborùn mi, ẹ̀rín ń gbọ̀n mí. Bàbá Káfíńtà náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ yìí, ẹnu ẹ mú ju ayùn mi lọ," wọ́n sì lọ tún ilẹ̀kùn náà ṣe lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n Àǹtí ò rẹ́rìn-ín. Ojú tì wọ́n. A ò tíì gun àkàsọ̀ ilé wa tán tí ìjà fi bẹ́. Láti ìgbà náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni ogun. "O ò ní bá mi lọ?" "Mi ò lọ." "Ta lo tiẹ̀ fẹ́ fìwà jọ gan-an?" "Ara mi ni." Àǹtí á wá máa sunkún nínú ilé ìdáná, wọ́n á ní, "Ọmọ ẹlòmíì ń sáré lọ síbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà, tèmi ń ranjú mọ́ Ọlọ́run."

Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni pé bóyá ọmọ náà kò gbà pé Ọlọ́run wà mọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó lè má rí bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í. Torí lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà sú Àǹtí pátápátá, wọ́n gbé e dé ẹgbẹ́, wọ́n sì fà á lé Aránṣọ lọ́wọ́. Gbogbo wa ṣe àmín. Èmi náà ṣe é sókè.

Láti ọjọ́ yẹn ni ilé wa ti dákẹ́, ó sì ti lé ní oṣù kan báyìí.

Ẹ̀gbọ́n mi, ìdákẹ́jẹ́ yẹn burú ju ìjà lọ. Tó bá di Ọjọ́bọ̀, Àǹtí á wọ bàtà, wọ́n á gbé báàgì, wọ́n á dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá Alága. Mo máa ń rí ètè wọn tó ń mì. Lẹ́yìn náà wọ́n á ní, "Oúnjẹ wà lórí sítóòfù," wọ́n á bọ́ síta. Ọmọ á máa wò wọ́n lẹ́yìn títí a ò fi ní gbúròó ẹsẹ̀ wọn mọ́. Ó ń retí kí wọ́n sọ̀rọ̀. Èmi tí mo wà níbẹ̀ rí i pé ó ń retí. Lọ́jọ́ kan ó mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ sókè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í: "Mi ò lọ o!" Àǹtí ní, "Ó dáa." Ẹ̀yin náà mọ Àǹtí. Ṣé ẹ ti gbọ́ "ó dáa" lẹ́nu wọn rí lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Mo bi wọ́n. Wọ́n ní, "Mo ti fà á lé wọn lọ́wọ́, ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀ mọ́. Aránṣọ ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀." Mo ní ṣé wọ́n rí i kí Aránṣọ bá a sọ̀rọ̀ ni? Wọ́n ní àwọn ò gbọ́dọ̀ wò ó, pé ibi tí ìgbàgbọ́ wà gan-an nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo wọ yàrá Alága, mo bá a tó ń kó aṣọ sínú àpótí. Mo ní níbo ló ń lọ. Ó ní, "Ilé Àǹkù. Tí wọ́n bá ti ní kí n máa bọ̀." Bí mo ṣe gbọ́ nípa ìpè tó pè yín nìyẹn. Mo ní kí ni ìyá ẹ̀ wí sí i?

Ó ní, "Màmá mi ò mọ̀. Tí wọ́n bá sì mọ̀, wọn ò ní wí nǹkan kan. Wọn kì í wí nǹkan kan mọ́, Àǹtí Kékeré. Wọ́n ti pa mí tì. Mo rò pé tí mo bá ń ta kò wọ́n, ó pẹ́ ni, ó yá ni, wọ́n á bi mí ohun tó ń ṣe mí. Wọ́n kàn jáwọ́."

Kò sunkún. Ṣe ló ń ká ṣẹ́ẹ̀tì kan, tó ń tú u, tó tún ń ká a.

Mi ò lè mú un mọ́ra. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ìfàlélọ́wọ́ àti òfin rẹ̀, pé ìyá rẹ̀ ò jáwọ́, pé wọ́n ń fi agídí pa ẹnu wọn mọ́ ni, pé ó ń jẹ wọ́n lọ́kàn. Mo rò pé inú rẹ̀ máa dùn. Mo rò pé á ní, "Háà, ṣé ìdí ẹ̀ nìyẹn?" Ó wò mí bí ẹni tí mo da omi tútù lé lórí. Ó ní, "Ṣé pé wọ́n gbé mi fún Aránṣọ? Bí aṣọ tí wọ́n fẹ́ kó bá wọn tún rán?" Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ṣé wọ́n tiẹ̀ dá ọjọ́ tí wọ́n máa wá gbà mí?"

Ó tún ní láti oṣù tó kọjá wá, Aránṣọ ò bá òun sọ ohunkóhun rí ju pé, "Ìgbátí aṣọ ilé ìwé ẹ ti tú, mú un wá kí n bá ẹ rán an."

Lọ́jọ́ kejì mo fìbínú gba ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ lọ. Mo bá wọn nídìí ẹ̀rọ, wọ́n fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọ̀rọ̀ Alága, ibo lẹ bá a dé?" Wọ́n yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu.

"Alága? Kò sí lọ́wọ́ mi mọ́ o. Nígbà tí iṣẹ́ aṣọ ìgbéyàwó yẹn já lù mí, mo fà á lé Nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì kàwé, ó mọ bí wọ́n ṣe ń bá àwọn ọmọ ìwòyí sọ̀rọ̀."

"Ṣé Àǹtí mọ̀?"

"Wọn ò gbọ́dọ̀ mọ̀ kẹ̀! Ṣé o ò mọ òfin ni?"

Mo dé ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, ojú wọn wú. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe lóṣù yẹn, àbúrò mi. Tí mo bá délé, mi ò lè dá orúkọ ara mi mọ̀. Mo ní kí Bàbá Káfíńtà bá mi gbé e, Bàbá sì ní kò burú." Mo dé ọ̀dọ̀ Bàbá Káfíńtà. Wọ́n gbé ohun ìfági sílẹ̀, wọ́n gbá èérún pákó kúrò lórí bẹ́ǹṣì kí n lè jókòó. Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì ní kí n bá òun gbé e nínú àdúrà, mo sì ń gbé e láràárọ̀. Mi ò mọ̀ pé wọ́n fẹ́ kí n bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Ṣebí Aránṣọ ń bá a sọ ọ́?"

Ẹ ò rí i báyìí? Gbogbo wọn ló fẹ́ràn ọmọ yìí. Gbogbo wọn ló ń dárúkọ rẹ̀ sétí Ọlọ́run. Kò sẹ́nì kan ṣoṣo tó dárúkọ rẹ̀ sétí òun fúnra rẹ̀ kó ní, "Kí ló ń ṣe ẹ́?" Ìyá tó bí i sì jókòó sílé, ẹnu dídì, nítorí wọ́n gbà pé iṣẹ́ ń lọ! Ìbá sàn kó jẹ́ pé ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ibi. Ǹ bá mọ ẹni tí mo máa bínú sí. Àwọn yìí, tí o bá fẹ́ bá wọn jà, wọ́n á fà ọ́ mọ́ra, wọ́n á ní ṣé o ti jẹun.

Mi ò sọ fún Àǹtí nílé. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ni ín. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ilé Nọ́ọ̀sì la ti pàdé. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí dìde kó jẹ́ ẹ. Mo dìde. Mo ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ ta ni ọ̀rọ̀ Alága wà?"

Aránṣọ wo Nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì wo Bàbá Káfíńtà. Bàbá Káfíńtà wo àjà, bóyá wọ́n rò pé ọwọ́ Ọlọ́run ló wà.

Àǹtí ní, "Aránṣọ, kò sí lọ́wọ́ yín ni?"

"Mo gbé e fún Nọ́ọ̀sì."

"Mo gbé e fún Bàbá."

"Àdúrà lẹ ní kí n bá yín gbé, Nọ́ọ̀sì. Ẹ ò ní kí n gbé ọmọ."

"Bàbá, ṣé àdúrà wá yàtọ̀ sí ọmọ ni?"

"Ó yàtọ̀ kẹ̀! Tó bá jẹ́ ọmọ ni, ǹ bá ti pè é wá sí ṣọ́ọ̀bù."

"Ẹ gbọ́ o, èmi ti sọ tèmi," ni Aránṣọ wí, "aṣọ ìgbéyàwó mẹ́jọ ló wà nílẹ̀ nígbà yẹn."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ, wọn ò tiẹ̀ rántí pé ìyá ọmọ jókòó sáàárín wọn. Nígbà tí wọ́n wá rántí, Bàbá Káfíńtà tún ohùn wọn ṣe, wọ́n ní, "Arábìnrin wa, ẹ má jẹ́ kí Èṣù ráyè. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yìí sínú àdúrà, ká wá tún un fà lé ẹlòmíì lọ́wọ́, lọ́nà tó létò." Orí mi gbóná. Lọ́nà tó létò! Mo la ẹnu, ṣùgbọ́n Àǹtí ti dìde ṣáájú mi. Wọn ò pariwo rárá.

Wọ́n ní, "Ẹ dá ọmọ mi padà fún mi."

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Báwo lèèyàn ṣe ń dá ohun tí kò sí lọ́wọ́ ẹ̀ padà? Aránṣọ bú sẹ́kún. Nọ́ọ̀sì ní, "Arábìnrin, ẹ darí jì wá." Àǹtí ní, "Mi ò bá yín jà. Ẹ kàn sọ ọ́ kí etí mi gbọ́ ọ. Ẹ ní ẹ ti dá a padà." Bàbá Káfíńtà ṣí fìlà. Wọ́n ní, "A ti dá a padà." Àǹtí mú báàgì wọn, èmi náà mú tèmi. A ò dúró kí wọ́n ṣe oore-ọ̀fẹ́.

Ṣé ẹ rò pé ó tán síbẹ̀? Ibi tí ó ti wá fẹ́ pa mí gan-an nìyí. A délé. Àǹtí dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ọmọ wọn. Ọmọ gbé ojú sókè. Èmi ti wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ní ó ti dé báyìí. Àǹtí la ẹnu, wọ́n pa á dé, wọ́n tún la á. Wọ́n ní, "Ṣé o ti jẹun?" Ọmọ ní, "Mo ti jẹun, mà." Ó parí. Mo fẹ́ fi orí gbá ògiri. Gbogbo àná náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń yí ara wọn ká bí àlejò méjì tó jọ wọ ilé ìgbàlejò kan. Àṣé èèyàn lè pa ẹnu mọ́ títí tí kò fi ní mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ ẹni jà mọ́.

Àárọ̀ yìí ni Àǹtí ń gbá yàrá, ìgbálẹ̀ wọn sì kọ lu àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ilé ìdáná ni mo wà.

"Kí lèyí?"

"Àpótí."

"Ṣé mo fọ́jú ni? Níbo lò ń gbé e lọ?"

"Ilé Àǹkù."

"Ta ló ní kí o lọ?"

"Ta ló ní kí n má lọ?"

"Èmi!"

"Ẹ̀yin kẹ̀? Ṣebí Aránṣọ ló ni mí báyìí."

Mo gbọ́ tí ìgbálẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n ti mọ ẹni tó sọ fún un. Mo dúró kí wọ́n pè mí. Wọn ò pè mí. Wọ́n ní, "Má dárúkọ Aránṣọ sí mi létí! Èmi ni mo bí ẹ!"

"Ẹ ò bi mí ní nǹkan kan!"

"Kí ni kí n bi ẹ́?"

"Kí ẹ bi mí ìdí tí mo fi ń lajú!"

"Ó dáa! Kí ló dé tí o fi ń lajú?"

Ohùn ọmọ náà yí padà. Ó ní, "Torí tí mo bá dijú, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Gbogbo yín ń gbọ́. Ẹ̀ ń mi orí, ẹ̀ ń sunkún. Èmi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo wá ní kí n máa wò yín, bóyá mo máa rí i lójú ẹnì kan."

Ẹ̀gbọ́n mi, mo jókòó sórí ìṣà omi. Oṣù mẹ́ta gbáko! Ohun tí ọmọ yìí ń wá nìyẹn, tí àwa àgbà ń tì í láti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíì.

Àǹtí ní, "Èmi náà kì í fi gbogbo ìgbà gbọ́ nǹkan."

"Ẹ̀yin?"

"Èmi. Mo máa ń dijú mọ́ ọn ni."

"Irọ́ lẹ̀ ń pa."

"Èmi lò ń pè ní onírọ́? Màá gbá ẹ létí!"

Ni ìjà bá tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n jà, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n kó gbogbo ohun tí wọn ò sọ láti oṣù tó kọjá dà sílẹ̀, títí kan àwo tí kò fọ̀ àti aṣọ tó wọ̀ lọ síbi ọjọ́ ìbí ẹnì kan. Àwọn tó wà ní ilé ìfọṣọ nísàlẹ̀ pa ẹ̀rọ kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa. Èmi jókòó sí ilé ìdáná, mo ń dúpẹ́, mo tún ń bínú pé ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣẹlẹ̀.

Kò tíì yanjú. Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Alága ṣì ní òun ń lọ sọ́dọ̀ yín. Àǹtí ní ẹsẹ̀ ẹ̀ kankan ò jáde. Ó ní, "Àǹkù ló máa sọ." Ó ti ilẹ̀kùn, àpótí sì wà nínú yàrá pẹ̀lú ẹ̀. Bàbá Káfíńtà pè mí lọ́sàn-án yìí pé kí n má bínú, pé àwọn ń gbàdúrà fún mi. Mo ní, "Ẹ ṣeun sà. Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ fà mí lé lọ́wọ́?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì mọ̀ bóyá màá bá wọn pàdé ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀.

Ṣé ẹ ti rí ibi tí mò ń lọ? Ọwọ́ yín ló tún kàn báyìí. Àǹtí fà á lé Aránṣọ lọ́wọ́, Aránṣọ fà á lé Nọ́ọ̀sì, Nọ́ọ̀sì fà á lé Bàbá Káfíńtà, ọmọ náà fúnra rẹ̀ wá gbé ara rẹ̀ tọ̀ yín wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á. Mo mọ̀ pé yàrá wà nílé yín, mo mọ̀ pé ìyàwó wa á tọ́jú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ má gbà á. Ẹ má sì sọ fún un pé àyè ò sí, tàbí pé kó fún yín láyè sí i, tàbí pé ẹ̀ ń fi í sádùúrà. Ẹ má fi ọgbọ́n sọ ọ́. Ẹ sọ fún un pé, "Ìyá ẹ ò gbà, èmi ò sì lè mú ẹ kúrò lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì jù ẹ́ sílẹ̀." Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ló ní rárá, ẹ má bá wọn gbà á rù. Á bínú sí i, á bínú sí yín, ó lè má bá ẹnikẹ́ni nínú wa sọ̀rọ̀ títí di oṣù tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kó bínú. Ẹni tó dì í mú ló ń bínú sí.

Ẹ bá mi kí ìyàwó wa gidigidi, ẹ ní kí wọ́n má gbé nǹkan wúwo. Ẹ kí àwọn ìbejì. Ẹ kí àwọn ará ibi iṣẹ́ yín tí wọ́n máa ń bá mi ṣàwàdà lórí fóònù. Àǹtí ò mọ̀ pé mo kọ lẹ́tà yìí. Tí wọ́n bá bi yín, ẹ ní èmi ni mo kọ ọ́, ẹ má bò mí láṣìírí.

Èmi ni àbúrò yín tó fẹ́ràn yín, tó ń retí ohùn yín,

Oníbéèrè.